Fèrèsé Tíkẹ́ẹ̀tì Tó Ń Mú Àgbà Tẹ̀

Fate, Ìlọrin,
Ọjọ́ Jímọ̀.

Ummu-Kulthum, Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Kí àlááfíà Ọlọ́run Ọba bá ọ níbi tó o jókòó sí lẹ́yìn irin fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀hún, kí ojú wa má ríbi. Gbogbo wa wà dáadáa. Eyín iwájú Naimat àbúrò rẹ ti yọ, atẹ́gùn sì ká páànù ilé ìdáná wa lọ sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀gbẹ́ wa, wọ́n dá a padà o, wọ́n tún bá wa kàn án.

Lẹ́tà rẹ dé, àtìgbà náà lọkàn mi ò ti balẹ̀. O ní ọ̀gá rẹ ní ibùdókọ̀ ojú irin tuntun tó lọ káàkiri ìgboro Èkó ti fún ọ níwèé ìkìlọ̀ méjì, pé ẹ̀kẹta ló máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, torí pé bí àgbàlagbà bá ti wá ra tíkẹ́ẹ̀tì, o máa ń kúnlẹ̀ kí i, bó o bá sì ti kúnlẹ̀, àwọn tó tò síta ò ní rí ẹnikẹ́ni lójú fèrèsé mọ́, wọ́n á ní o ti lọ jẹun, wọ́n á máa pariwo títí ọkọ̀ á fi lọ.

Ọmọ mi, mo sunkún, àmọ́ ẹkún ayọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo kàwé dé fọ́ọ̀mù fáìfù kí oyún rẹ tó dé, èmi kì í ṣe ará oko, mo bá lọ wo ibùdókọ̀ ojú irin tiwa níbí. Alhaji Abdulfattah ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Ihò tí wọ́n dá sí fèrèsé náà ò ga ju ìdodo mi lọ, àfi ìgbà tí mo tẹ̀ kó tó gbọ́rọ̀ mi. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti yé mi! Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ rẹ fèrèsé sílẹ̀ kí ẹni tó ń rà lè máa tẹ̀ fún ẹni tó ń tà ni. Alhaji tó bẹ́ẹ̀, àgbà ni. Ìwọ ńkọ́, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún? Kí ìyá arúgbó tẹ̀ ba fún ọ, kí ìwọ jókòó sórí àga máa já bébà? Èèwọ̀! Bí wọ́n bá tẹ̀, ìwọ lọ sísàlẹ̀ jù wọ́n lọ. Mo rò ó fún Alhaji, ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀, ó ní kó o ṣáà máa mirí kí wọn. Mo ní ìyẹn wà fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ ò ráyè tọ́ ọ.

Ṣé kí wọ́n kúkú dá ihò míì sísàlẹ̀, nítòsí ilẹ̀, kó o máa ti ibẹ̀ na tíkẹ́ẹ̀tì jáde? Iṣẹ́ káfíńtà kan péré ni.

Síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà mí o, torí iṣẹ́ yẹn ni Naimat fi ń lọ ilé ìwé. Nítorí náà mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé èyí tó ń bọ̀, láti wá bá ọ bẹ ọ̀gá rẹ. Lami oníwàrà ti ní òun á bá mi wá wàrà tó le dáadáa tí màá gbé fún un. Yọ tíkẹ́ẹ̀tì kan ránṣẹ́ sí mi nínú ìdì tó wà níwájú rẹ, bí ò bá ní lè gbé mi láti Ìlọrin, fi owó mọ́tò kún un, àti ti oúnjẹ ọ̀nà.

Mi ò ní gba ẹ̀yìn wọlé. Màá tò sórí ìlà bíi gbogbo ayé. Bó bá kàn mí, kúnlẹ̀, má kánjú, kí mi dáadáa, béèrè bàbá rẹ, béèrè gbogbo ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Sọ fún ọ̀gá rẹ kó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ lọ́jọ́ náà, kó fojú ara rẹ̀ rí i pé ilé ire lo ti wá. Ọkọ̀ tó bá lọ, òmíràn ń bọ̀.

Kí Ọlọ́run fún orúnkún rẹ lágbára.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sàrátù