Ẹ̀bùn Kì í Ṣe Ẹrù

Bọ́lọ́rundúró,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ tí n kò lè jẹ.

Ẹniọlá ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé o ń mí? Mo mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni bàbá ṣe ń kí ọmọ nínú lẹ́tà, ṣùgbọ́n bí o bá kà á dé ìsàlẹ̀, ìwọ náà á rí i pé ó yẹ kí n bi ọ́. Ọlọ́run tí ó ń ṣọ́ wa níhìn-ín yóò máa ṣọ́ ìwọ náà ní Isikan, ní Àkúrẹ́ níbẹ̀, o kò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi bá ń pa ọ̀nà. Ara ìyá rẹ le, ẹnu rẹ̀ náà sì le. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, kòkó ń ṣe dáadáa, ewúrẹ́ bí méjì. Kí n má tàn ọ́, ọkàn mi kò balẹ̀.

Kọ̀ntéńà ilé-iṣẹ́ yín dé síbí lánàá láti kó àgbagbà wa lọ sókè òkun. Ó gùn ju ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ. Nígbà tí mo gbọ́ pé inú ọgbà yín ní Àkúrẹ́ ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé e lọ, tí yóò sì wà níbẹ̀ di ọjọ́ Ẹtì kí ó tó forí lé Èkó, mo ní ọlọ́kọ̀ wo ni n óò tún máa bẹ̀? Mo sáré wọ ilé ìdáná, mo mú àgbagbà pípọ́n mẹ́jọ tí ìyá rẹ ń tọ́jú, irú èyí tí o fẹ́ràn fún dòdò, mo kó o sínú páálí bisikíìtì, mo kọ orúkọ rẹ sí i gàdàgbà, mo sì tì í sí ẹ̀yìn pátápátá nígbà tí àwọn alábàárù ń mu omi. Mo ní bí o bá ṣílẹ̀kùn, wàá rí i, wàá rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn tán ni Gbémiga, ẹni tí ó ń tọ́jú ẹ̀rọ kọ̀ntéńà náà, wá jókòó tì mí. Ó ní afẹ́fẹ́ tí à ń mí yìí, bí a bá pín in sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, èyí tí ó ń gbé ẹ̀mí ró nínú rẹ̀ kò ju mọ́kànlélógún lọ. Ó ní bí ó bá dé Àkúrẹ́, wọ́n á yọ púpọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á fi mẹ́ta péré sílẹ̀ fún ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ó lè máa tòògbé, kí ó má baà pọ́n títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó. Mo bi í pé méjìdínlógún tó kù ńkọ́, ta ni wọ́n ń tà á fún? Ó ní wọn kì í tà á. N kò gbà á gbọ́. Kí ni wọ́n ń yọ nínú nǹkan ní orílẹ̀-èdè yìí tí ẹnìkan kì í tà? Mo ní kí ó bá mi fi ẹyọ méjì kún tiwa, nítorí àgbagbà Bọ́lọ́rundúró kò mọ ìyà. Ẹ̀rín ló kàn ń rín.

Ó wá gbé fọ́ọ̀mù fún mi, kí n fọwọ́ sí i lórúkọ gbogbo àwa tí a ni ẹrù. Wọ́n béèrè ìwọ̀n ooru, mo kọ ọ́ pé ara mi tutù, mo lo oògùn ibà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n béèrè ẹni tí ó mọ̀ mí, mo kọ orúkọ rẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè bóyá èso pípọ́n kankan wà nínú ẹrù. Mo ronú sí i títí. Mo ní ẹ̀bùn kì í ṣe ẹrù. Mo kọ Rárá, mo sì fọwọ́ sí i, èmi tí mo ti ń gbé igbá ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ọdún méjìlá.

Ìyá rẹ ló là mí lójú, nígbà tí kọ̀ntéńà ti lọ. Ó ń wá àgbagbà rẹ̀ kiri, mo jẹ́wọ́, ó ká ọwọ́ lérí. Ó ní ṣé n kò rí i láti ọjọ́ tí òun ti wọlé mi pé, bí àlejò bá ń bọ̀ tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú nìkan wà nílé, ẹyọ kan tó pọ́n ni òun máa ń jù sínú àpò mọ́ wọn, kí ó tó di ọjọ́ mẹ́ta gbogbo wọn á ti pọ́n? Ó ní mẹ́jọ ni èmi fi sí i. Àgbagbà gbogbo àdúgbò ló wà nínú nǹkan yẹn, Ẹniọlá, orúkọ rẹ ló sì wà lára fọ́ọ̀mù àti lára páálí. Láti ìgbà náà n kò lè jókòó. Mo lọ sí oko láàárọ̀ yìí láì mú àdá, mo padà wá mú un, mo tún gbàgbé ohun tí mo wá mú.

Mo pè ọ́ nígbà méje. Obìnrin kan ló ń gbé e, ó ní ẹni tí mò ń pè kò ṣe é bá sọ̀rọ̀. Mo ní kí ó ṣáà sọ bóyá inú kọ̀ntéńà ni o wà, ọ̀rọ̀ kan náà ló tún sọ. Ẹ̀rù wá bà mí gan-an, nítorí ohun kan wà tí Gbémiga sọ tí n kò tíì sọ fún ìyá rẹ. Ó ní bí wọ́n bá ti yọ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, ẹni tó bá kó wọ ibẹ̀ yóò ṣubú kí ó tó ké. Mo sì mọ ẹni tí mo bí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́ tí o sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga nítorí òròmọdìyẹ ìyá rẹ. Bí o bá gbọ́ pé orúkọ bàbá rẹ fẹ́ bàjẹ́, o lè yọ́ wọlé lọ mú páálí náà jáde.

Má wọ ibẹ̀. Jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ pọ́n, kí ó rà. Jethro awakọ̀ ni mo fi lẹ́tà yìí rán, ìwé mìíràn sì wà nínú rẹ̀ tí mo kọ sí ọ̀gá rẹ pé èmi Reuben ni mo purọ́, ọmọ mi kò mọ̀ sí i. Gbé e fún un lónìí, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe wá bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Bí wọ́n bá fẹ́ lé ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n lé mi. Inú oko ni mo kúkú wà, níbo ni wọ́n fẹ́ lé mi dé?

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kí n wá dúró níwájú wọn fúnra mi. Fi owó àgbagbà mẹ́jọ kún un, ìyá rẹ kò bá mi sọ̀rọ̀. Ọlọ́run tí ó mí èémí sí ihò imú Ádámù láì wọ̀n ọ́n, kò ní bu tìrẹ kù láéláé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Reuben.

Bí lẹ́tà yìí bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, pè wá. Bí kò bá tilẹ̀ sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ, ṣáà mí sínú fóònù náà, a ó gbọ́.