Iyán Tí Mo Gún fún Ìjọba

Ọ̀kà-Àkókó,
Ọjọ́ Ẹtì.

Fúnminíyì ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé àwọn ọmọ ń jẹun, ṣé ooru Àbújá kò mú yín jù? Àwa wà láàyè ní Ọ̀kà, Ọlọ́run lọpẹ́ yẹ. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, ọ̀kan kú, ọ̀kan ń fò káàkiri. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa lórí òkè yìí yóò máa ṣọ́ ọ níbẹ̀, o ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.

Má bínú pé n kò pè ọ́. Owó ìpè ti lọ sókè, inú sì ń bí mi, bí inú bá sì ti ń bí mi ọ̀rọ̀ mi máa ń gùn, fóònù á kàn já mọ́ mi lẹ́nu nígbà tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ débi tó dùn. Ìwé kì í já. Dírẹ́bà tó ń ti Ìkàrẹ́ lọ sí Àbújá ni yóò mú un wá fún ọ, pẹ̀lú isu.

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ni. O mọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò. Rẹ̀mílẹ́kún tó ń ta oògùn ní Ìkàrẹ́ ní owó tó ń ra odindi páálí tẹ́lẹ̀ kò ra káàdì kan mọ́. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní dọ́là ni. Mo ní dọ́là báwo, ta ló ti fi dọ́là ra nǹkan rí ní Ọ̀kà? Ó ní owó epo bẹntiróòlù náà tún wà níbẹ̀. Mo ní Rẹ̀mílẹ́kún, bàbá Fúnmi kì í mu epo bẹntiróòlù, oògùn ni wọ́n ń mu. Ó rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín. Ní báyìí bàbá rẹ ń fi abẹ gé oògùn kọ̀ọ̀kan sí méjì, ààbọ̀ lónìí, ààbọ̀ lọ́la. Wọ́n ní àìsàn náà kò ní mọ̀. Ó mọ̀, Fúnmi. Ẹsẹ̀ wọn ti wú, òòyì sì ń kọ́ wọn.

Rédíò ní kí a ṣe sùúrù. Ẹnì kan tó ń gbẹnu sọ fún ìjọba ní ìrora ìrọbí la wà yìí, pé ọmọ ayọ̀ ń bọ̀. Ó kù díẹ̀ kí n ju ìkòkò ọbẹ̀ lu rédíò náà. Mo ti rọbí tó ìgbà márùn-ún, n kò rí agbẹ̀bí tó ń jókòó jẹ oúnjẹ aboyún rí. Ó tún ní ọrọ̀ ajé Nàìjíríà ti dàgbà sí i lọ́dún yìí. Mo gbà á gbọ́, mo sì wá a. Mo bi àwọn ará Ògbàgì tó wá ná ọjà, wọ́n ní kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn náà. Mo bi dírẹ́bà, ó ní ọ̀nà ti bàjẹ́ púpọ̀ láti ìsàlẹ̀ wá. Mo rò pé ibẹ̀ ló há sí.

Nígbà tí a wá gbọ́ pé Ààrẹ ní kí wọ́n fi owó ránṣẹ́ sí àwọn òtòṣì, mo ní oògùn bàbá Fúnmi dé nìyí. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ yóò wá láti ilé dé ilé, wọn yóò fi ojú ara wọn wo ẹni tó jẹ́ òtòṣì lóòótọ́. Fúnmi, àlejò Ààrẹ! Ṣé kí àlejò Ààrẹ wá bá ilé mi ní jákujàku ni? Mo gbálẹ̀ dé títì. Mo lọ yá àga onítìmùtìmù lọ́wọ́ Ìyá Caleb, aládùúgbò wa tó ní ilé mẹ́ta ní Ìkàrẹ́, ó sì kó gbogbo rẹ̀ fún mi tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó tún gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ lé e. Mo wọ léèsì tí o rà fún mi nígbà ìgbéyàwó rẹ. Adìyẹ kan ṣoṣo tó kù, mo pa á. Isu tí a fẹ́ fi ṣe èbù ni mo gún fún wọn.

Ọ̀gá wọn ń jẹ́ Suleiman, ọmọ tó mọ̀wàá hù ni. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, mo ní rárá, àlejò kì í ṣiṣẹ́ kí ó tó jẹun. Wọ́n jẹ, wọ́n lá ọwọ́. Ó wá bi mí pé báwo ni nǹkan, mo ní a dúpẹ́, kò sí ohun tí Ọlọ́run ò ṣe fún wa. Kí ni ǹ bá sọ? Ṣé kí n wí fún ẹni tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ebi ń pa wá, lójú bàbá rẹ? Ó ya fọ́tò mi, ó ní yóò ti dé Àbújá kí òun tó dìde lórí àga. Mo rẹ́rìn-ín dáadáa, mo sì juwọ́ sí ọ. Ṣé o rí i? O ò dáhùn, ó sì dùn mí díẹ̀.

Láti ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti kọjá sílé Ìyá Caleb. Ilé ṣófo, torí ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo ẹrù rẹ̀ wà. Orí ẹní yíya ni wọ́n bá a, ó wọ aṣọ oko, ó ń sunkún ọkọ tó ti kú láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Kí oṣù tó parí, owó ti wọ fóònù rẹ̀. Èmi, wọ́n ní ẹni tó ní àga onítìmùtìmù, tó ní tẹlifíṣọ̀n, tó ń fi adìyẹ jẹyán, kì í ṣe òtòṣì. Mo bú, Fúnmi. Mo bú Ìyá Caleb, mo bú Suleiman, mo bú adìyẹ.

Ìyá Caleb ò tilẹ̀ bínú. Ó ní ẹ̀bi mi ni, pé ta ní í wọ léèsì dúró de ìjọba. Ó ní kí n lọ fẹjọ́ sùn, wọn yóò tún wá wò wá. Mo lọ. Ó wá ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é: má fún wọn lómi, má kí wọn dáadáa, jẹ́ kí bàbá Fúnmi dùbúlẹ̀ kí wọ́n máa kérora. Èyí tó kẹ́yìn yẹn kò nílò ẹ̀kọ́.

Suleiman padà wá lọ́jọ́ Ajé, oòrùn mú, òógùn bo ojú rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ oko. Ó kí mi, mo kàn hùn. Ó ń wo ìkòkò omi, èmi náà ń wo ìkòkò omi, mo sì jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì, torí láti ọjọ́ tí mo ti délé ọkọ, àlejò kò fi ọ̀fun gbígbẹ kúrò lọ́dọ̀ mi rí. Àfi ohùn bàbá rẹ láti inú yàrá, wọ́n ní Ìyá Fúnmi, ta ló wà níta tí n kò gbọ́ kí o bu omi fún un? Wọ́n fi ọwọ́ ti ògiri jáde wá, fìlà wà lórí wọn. Wọ́n bọ ọmọ náà lọ́wọ́, wọ́n ní kó má bínú, ara ìyàwó àwọn ni kò yá. Wọ́n ní kó jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ Ààrẹ pé a kì í ṣe alágbe, a ní ọmọ ní Àbújá. Suleiman mu omi, ó dúpẹ́, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé a ní ọmọ ní Àbújá. Ó ní ìyẹn ti parí ọ̀rọ̀.

Mo sunkún, ṣùgbọ́n n kò bá wọn jà. Bàbá rẹ wọlé, wọ́n mú abẹ, wọ́n gé ààbọ̀ oògùn ọjọ́ náà sí méjì. Ẹ̀rù ń bà mí, Fúnmi, ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Nítorí náà ìwọ ni ìjọba wa. Mo mọ̀ pé owó ilé ìwé àwọn ọmọ wà lọ́rùn rẹ, mo mọ̀ pé o ti ta mọ́tò rẹ, ìbá ṣe pé agbára ẹlòmíràn ká a nínú ẹ̀yin ọmọ mi, n kò ní yọ ọ́ lẹ́nu. Fi owó oògùn lé dírẹ́bà lọ́wọ́. Má fi sórí fóònù, kí Ìyá Caleb má baà gbọ́ nígbà tó bá dún. Isu méjì ló wà nínú àpò. Ńlá ni tìrẹ, kékeré ni kí o mú lọ kí Ààrẹ, torí èèyàn kì í gbé ìlú ọba kó má lọ kí ọba, o sì ti pẹ́ níbẹ̀. Sọ fún un pé ìyá rẹ ní, nílé tiwa, ẹni tó bá ń pín ẹran ni í mú kẹ́yìn. Dúró kó dáhùn kí o tó máa bọ̀.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ lọ sókè. Wàá dàgbà, wàá darúgbó, àwọn ọmọ rẹ yóò tọ́jú rẹ. O ò sì ní darúgbó nílẹ̀ tí àgbàlagbà ti gbọ́dọ̀ ta ìwà rẹ̀ kí ó tó rí oògùn mu. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Rachel Àjíṣafẹ́.