Orúkọ Tí Àbúrò Mi Kò Pè

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Abọ́dúndé,
                                        Muṣin, Èkó.
                                        Ọjọ́ Kẹwàá, Oṣù Ẹrẹ́nà, 2025.

Jemilat, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Ìjẹ̀bú-Òde? Orúnkún rẹ ńkọ́? Ṣé ara Àlàájì ti le? Àwa náà dúpẹ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Ayọ̀miídé, ọmọ ọmọ mi, ti wọ yunifásítì, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń lọ sí kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà, ìkọ̀wé mi dára ju tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ àbúrò mi, Kòfowórọlá, ló jẹ́ kí n kọ̀wé. O mọ̀ pé ìgbàgbé ń bá a jà. Lóṣù tó kọjá, ó gbé omi kaná, ó bá tirẹ̀ lọ. Díẹ̀ ló kù kí ilé jó. Ọmọ rẹ̀, Ọláníyì, bá ní òun á mú un lọ sí Àbújá, òun á ti ilé náà pa. Kòfowórọlá ní ilé tí òun àti olóògbé jọ kọ́, ibẹ̀ lòun máa kú sí.

Nọ́ọ̀sì kan, Lucy, ń wá kọ́ ọ ní eré ìdárayá tó ń ran ọpọlọ àgbà lọ́wọ́. Á gbé orúnkún sókè, á pàtẹ́wọ́, á sì dárúkọ ẹni tó wà nínú fọ́tò tí wọ́n bá nà sí i. Lucy kò tàn wá: kò ní wo ìgbàgbé sàn, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ kó di ohun tó kù mú. Ọláníyì ní òun á wá wò ó ní Sátidé. Bí kò bá dá ẹbí mọ̀, wọ́n á lọ lọ́jọ́ náà. Ó ti di ẹrù ìyá rẹ̀ sínú báàgì.

Nígbà tí Sátidé pé, Lucy na fọ́tò Morákinyọ̀, àbúrò ọkọ Kòfowórọlá. Kòfowórọlá gbẹ́sẹ̀, ó pàtẹ́wọ́, kò fọhùn. Lucy na ti Fúnlọ́lá, àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin. Ọláníyì dìde, ó gbé báàgì. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo rí i pé bí wọ́n bá ti na fọ́tò sí i, ńṣe ló ń rọra tẹ orúnkún ba, bí ìyàwó tó ń kí ọkọ.

Mo ní, "Ọláníyì, gbé báàgì yẹn sílẹ̀. Ìyàwó ilé wo lo rí tó ń dárúkọ àbúrò ọkọ? Ẹ bi í ní orúkọ tí òun fi ń pè wọ́n."

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ó gbẹ́sẹ̀: "Akọ̀wé." Àtẹ́wọ́. "Adúmáradán." Àtẹ́wọ́. Wọ́n na ẹnì kẹta. "Eyínmẹ́nugún, ọ̀jẹun tó jẹ ẹran ìgbéyàwó mi tán." Ẹ̀rín pa Lucy.

Ni Ọláníyì bá na fọ́tò ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ dúró lókè. Ó wá ní, "Ọkọ mi." Bó ṣe ń pe Ọláníyì láti kékeré nìyẹn.

Ọláníyì dọ̀bálẹ̀, ó dá báàgì padà sí yàrá. Ó ní kí ìyá òun ṣì máa gbé ilé rẹ̀, kí èmi wá máa sùn tì í.

Ṣùgbọ́n Jemilat, ọkùnrin tó wá ka mítà iná láàárọ̀ yìí, "ọkọ mi" náà ni Kòfowórọlá pè é. Mi ò tíì sọ fún Ọláníyì.

Bá mi kí Àlàájì àtàwọn ọmọ. Fi àdúrà ràn wá lọ́wọ́.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í yẹ̀,
Christianah