Pupa Lójú Adìẹ

Ọjọ́ Sátidé, ìrọ̀lẹ́

Mo kó àpótí ìtọ́jú àwọn adìẹ mi jọ lónìí: òwú, sísọ́ọ̀sì, glúkóòsì. Báńdéèjì nìkan ni mo gbàgbé. Ni páànù bá ya Sísì, àgbébọ̀ mi, lẹ́sẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Mo fi àkísà pupa dì í, mo ń yangàn bíi nọ́ọ̀sì. Kíá ni àwọn yòókù ya bò ó, wọ́n ń fi ẹnu ṣá a lẹ́sẹ̀!

Ìyá Nanret, aládùúgbò wa, sáré wọlé. "Haba, Ìyá Dáre! Adìẹ kì í rí pupa kó má ṣá a jẹ." Ó tú àkísà náà, ó ní kí n fi GV, oògùn egbò aláwọ̀ elésè àlùkò, pa egbò rẹ̀ kí pupa ẹ̀jẹ̀ má bàa hàn. Àwọn adìẹ yòókù sì fi í sílẹ̀ lóòótọ́.

Àmọ́ ọwọ́ mi méjèèjì ti di elésè àlùkò, ọṣẹ ò ran àwọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ èmi ni mo máa bọ ìjọ lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la.

Mo ní ìbọ̀wọ́ òtútù kan tí mo lè fi bò ó. Pupa ni, àárín àwọn adìẹ yìí ni mo sì máa gbà jáde.