Ojú Ẹ̀gbọ́n Rẹ Tí Mo Rí Nínú Fóònù

Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ara ń gbà á? Tiwa náà kò burú, bàbá rẹ ń jí, èmi náà ń jí, ẹsẹ̀ tó ń dun bàbá rẹ ti rọ̀ díẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ wa níbí yóò máa ṣọ́ ọ níbẹ̀, o kò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.

Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti wọ kíláàsì kìíní ní ilé ẹ̀kọ́ àgbàlagbà tí wọ́n ń ṣe nírọ̀lẹ́. Èmi ni mo dàgbà jù níbẹ̀, àyà mi sì máa ń já bí olùkọ́ bá ti kọjú sí mi. Bóyá bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà nìyí, bóyá kọ́, n kò mọ̀. Ǹ bá ní kí olùkọ́ bá mi kọ ọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gba ọwọ́ ẹlòmíràn sọ fún ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń já òwú. Mo pààrọ̀ abẹ́rẹ́, mo fi epo sí i, ó tún ń já òwú. Ni mo bá gbé ẹjọ́ lọ bá Oníwáyà, ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń lọ ata. Ó ní òun kò mọ ẹ̀rọ ìránṣọ, àmọ́ gbàgede kan wà nínú fóònù tí àwọn aránṣọ láti ìlú oríṣiríṣi ti ń bi ara wọn léèrè ọ̀rọ̀, pé kí òun ṣí àyè kan fún mi níbẹ̀. Mo ní ṣé wọ́n ń gba àgbà, ó ní wọ́n ń gba gbogbo èèyàn.

Ó ní àwòrán mi ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà níbẹ̀, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Mo sáré lọ sílé, mo wẹ̀, mo lọ aṣọ mi aláwọ̀ aró, mo wọ bàtà. Ó ní orí nìkan ni wọ́n máa rí, mo ní n kò lè gbé orí nìkan lọ kí àlejò. Ó ní kí n mú ọ̀rọ̀ àṣírí kan wá tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Mo ní, níbi tí mo dàgbà dé yìí, kò sí àṣírí mi tí bàbá rẹ kò mọ̀, kí ó kúkú fi orúkọ bàbá rẹ sí i. Ó ní àpótí kan wà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ sí. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tí wọ́n bí mi, ó ní àpótí náà kéré. Ni mo bá ní kí ó kọ ọ́ pé aránṣọ ni mí, mo bí ọmọ méjì. Ó gbójú sókè wò mí, nítorí òun náà wà níbi tí a ti sin ẹ̀gbọ́n rẹ, àmọ́ ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ló ní òun fẹ́ so àyè náà mọ́ Fesibúùkù tí o ṣí fún mi nígbà kan, kí ẹni tó bá mọ̀ mí lọ́hùn-ún lè rí mi níhìn-ín. Mo bi í bóyá onílé kejì ti gbọ́ sí i, kí wọ́n má baà ní mo já wọlé onílé. Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í kó ojú èèyàn jáde, ó ń bi mí bóyá mo mọ ẹni yìí, bóyá mo mọ ẹni yẹn. Mo ń dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé rárá, kí wọ́n máà bínú. Ni ó bá gbé ojú ẹ̀gbọ́n rẹ wá. Gígùn, bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é nítorí orí rẹ̀ tó máa ń kan àtẹ́rígbà, ni wọ́n kọ sábẹ̀ rẹ̀: Gígùn Aránṣọ. Fóònù bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n.

Àbíkẹ́yìn, èmi ni mo bí i.

Àmì aláwọ̀ ewé kékeré kan wà létí ojú rẹ̀. Oníwáyà ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó bá ní irú àmì yẹn wà nídìí fóònù rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Oníwáyà ka ohun tí Gígùn kọ síbẹ̀ sí mi létí: obìnrin kan béèrè ìdí tí kọ́là aṣọ òun fi ń ká sókè, Gígùn sì ní kí ó má fa aṣọ, kí ó jẹ́ kí aṣọ máa tẹ̀ lé e. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Mo mọ̀ pé a sin ín. Ọwọ́ mi ni mo fi rán aṣọ tó wọ̀ lọ. Àmọ́ mo rò ó pé n kò kàwé, ó lè jẹ́ pé nǹkan kan wà tí àwọn tó kàwé mọ̀ nípa ikú tí wọn kò tíì kọ́ wa dé ní kíláàsì kìíní.

Mo ní kí Oníwáyà bá mi kọ̀wé sí i kíákíá, kí ó bi í bóyá ó ti jẹun, bóyá àyà ṣì ń dùn ún, bóyá ibi tó wà tutù. Ó kọ́kọ́ kọ̀, nígbà tó rí ojú mi, ó kọ ọ́. Àmì jáde pé wọ́n ti kà á. Èsì kò wá. Àmì aláwọ̀ ewé náà sì kú.

Nígbà tí mo sọ fún bàbá rẹ, kò sọ pé orí mi ti dàrú. Ó kàn bi mí bóyá ó rù. Mo ní kò rù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fi ògiri tó ń mọ sílẹ̀, ó dé fìlà, a jọ lọ. Bí Oníwáyà ṣe ṣí i, ojú Gígùn kò sí níbẹ̀ mọ́. Orí kan tó rí bí eérú ni wọ́n gbé síbẹ̀, kò ní ojú, kò ní ẹnu. Bàbá rẹ wò ó títí, ó ní bóyá òun ló rìn jẹ́ẹ́jẹ́ jù.

Oníwáyà wá rọra sọ fún wa pé nínú gbàgede yẹn, ojú tó bá wu èèyàn ló lè fi síbẹ̀, pé ẹnì kan tí àárò Gígùn ń sọ ló gbé ojú Gígùn wọ̀. Ìgbà náà ni mo rántí àwòrán tí ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ jọ yà. Mẹ́ta ni ayàwòrán fọ̀: ọ̀kan wà lára ògiri wa, ọ̀kan bá a lọ sínú ilẹ̀, ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ. Nínú èyí tí mo rí nínú fóònù, ìka ọwọ́ rẹ ṣì wà léjìká rẹ̀, wọ́n gé ìyókù rẹ kúrò.

A kò bínú, ọmọ mi. Láti ọjọ́ ìsìnkú tí o ti dúró lẹ́nu ọ̀nà láìwọlé, tí o sì tibẹ̀ wọkọ̀ lọ, n kò tíì gbọ́ ohùn rẹ. Mo mọ ohun tí ò ń rò, pé ìwọ lo ní kí ó wá bá ọ ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ nílùú tí o wà nígbà náà, pé bí kò bá wá ni, àìsàn kì bá tí rí i mú. Àìsàn mọ ọ̀nà ilé tiwa náà. Bàbá rẹ ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ló fún un lówó ọkọ̀, bí a bá ń wá ẹni tó rán an lọ, kí o tò sẹ́yìn òun.

Àwọn aránṣọ inú gbàgede ti dá mi lóhùn, wọ́n ní síbíríǹgì tó ń di òwú mú ló ti gbó. Bí owó bá wà, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n rà á, bàbá rẹ sì ní kí n má gbàgbé oògùn ẹsẹ̀ òun. Bí kò bá sí, má yáwó nítorí wa.

Àmọ́ ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún gan-an kì í ṣe owó. Orí eérú yẹn, fi ojú sí i. Kì í ṣe ojú Gígùn. Gígùn, a mọ ibi tó wà, èmi ni mo ń gbá ibẹ̀. Ìwọ ni a kò mọ ibi tí o wà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń gba ibi orí eérú yẹn fi àwòrán lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ọ. Oníwáyà ti kọ́ mi bí mo ṣe máa ṣí i fúnra mi, àràárọ̀ ni mo sì ń wò ó.

Ẹni tó ń dá ọmọ sí yóò dá ọ sí fún wa. Ilé kò ní lé ọ, ọ̀nà kò ní gbé ọ mì. Bí o bá dé ẹnu ọ̀nà lọ́tẹ̀ yìí, wọlé.

Èmi, ìyá rẹ.