Iná Mẹ́rin Iwájú Ọkọ̀ Tí Mo Fi Sílẹ̀ fún Hassanat

Èmi, Làsísì Àlàó Oyèkúnlé, rẹwáyà ọkọ̀, ọmọ bíbí Òkèẹlẹ́rin ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí mo ti ń gbé ní Agége láti ìgbà ọ̀dọ́ mi, ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Orí mi pé. Ojú mi kò ríran tó ti àtijọ́ mọ́, ṣùgbọ́n etí mi ń gbọ́ ju bí àwọn ọmọ mi ṣe rò lọ. N kò mọ ìwé kọ. Ọ̀gbẹ́ni Olúfúnṣọ́ Ọláfẹ́mi, ará Èkìtì, olùkọ́ tó háyà yàrá lọ́dọ̀ mi, ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kí ó má ṣe bá mi tún un ṣe. Bí ọ̀rọ̀ bá le, kí ó kọ ọ́ ní líle.

Ìwé yìí pa gbogbo ohun tí mo ti fẹnu sọ tẹ́lẹ̀ nípa ogún mi rẹ́. Àwọn tí yóò mú un ṣẹ ni Ọ̀gbẹ́ni Ọláfẹ́mi yìí àti Àfáà Abdulqoyum, tó ń ṣáájú wa nírun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Wọn kì í ṣe ẹbí mi. Ìdí tí mo fi mú wọn nìyẹn.

1. Ìsìnkú mi. Ọjọ́ tí mo bá kú ni kí a sin mí, ní Agége, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sùlíyá ìyàwó mi. Kí ẹnikẹ́ni má gbé mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nítorí pé ó fẹ́ fi òkú mi ṣe fáàrí.

Ọdún kẹta rèé tí Sùlíyá ti lọ. Wọ́n kọ oògùn fún wa ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní kí a lọ rà á níta. Níta, wọ́n ní Sáàpù, ètò ìjọba tó sọ ohun gbogbo di ọ̀wọ́n, ti gbé e kúrò lórí igbá. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti sunkún tèmi tán.

2. Gbèsè. N kò jẹ ẹnikẹ́ni. Gàníyù àbúrò mi yá ẹ̀rọ tí mo fi ń lu irin, ó sì ti sọ ọ́ di tirẹ̀. Mo fi jìn ín, kí ó má bàa rí ìyẹn fi mú ọ̀rọ̀ gùn níbi òkú mi.

3. Ilé. Ilé mi ní Agége, tí àwọn yàrá rẹ̀ kọjú síra, di ti Mukhtar àti Màrdíyyàh, àwọn ọmọ mi méjèèjì tó kù láyé. Kí Àfáà pín in ní ìlànà ẹ̀sìn, ìpín ọkùnrin bí ìpín obìnrin méjì. Bí Mukhtar bá fẹ́ ta tirẹ̀, Màrdíyyàh ni kí ó kọ́kọ́ fi lọ̀. Kí wọ́n má sì lé Ọ̀gbẹ́ni Ọláfẹ́mi jáde nítorí ìwé tó bá mi kọ.

Mukhtar ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kan ní Allen, ó ń de táì. N kò bínú táì. Màrdíyyàh wà nílé ọkọ rẹ̀ ní Omole. Ó máa ń wá fọ ìkòkò mi, a sì máa bú mi bí ó ti ń fọ̀ ọ́, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti máa ń bú mi. Ara a máa tù mí lọ́jọ́ náà.

4. Àgbò. Àgbò mi tí ìwà rẹ̀ burú, tó ń kan àwọn ayálégbé, ti Àfáà ni. Kí ó má dá a sí di Iléyá.

5. Ọkọ̀. Píkọ́ọ̀pù Dátúsìn mi, pẹ̀lú iná mẹ́rin tí mo fi kún iwájú rẹ̀, irin tí wọ́n jókòó lé, àti gbogbo wáyà wọn, ni mo fi sílẹ̀ fún Hassanat, opó Wahab ọmọ mi, fún òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má tú nǹkan kan kúrò lára rẹ̀.

Wahab ni àkọ́bí mi. Òun ló ń fi ọkọ̀ yìí kó ata àti ẹ̀gẹ́ láti àwọn abà ẹ̀yìn Ìfọ̀ wá sí Agége. Nínú ọyẹ́, ní àfẹ̀mọ́júmọ́, tí kùrukùru bo ọ̀nà oko, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ agégẹdú kan tí wọ́n pa tì sójú ọ̀nà láìsí iná lẹ́yìn. Ẹ̀yin ẹbí ní kí n ta ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń ra irin. Mo tún un ṣe.

Nígbà tí Hassanat bọ́ aṣọ opó, Gàníyù pe ẹbí jọ. Ó ní kí Mukhtar ṣú u lópó, kí ohun ilé wa má bàa jáde nílé. Hassanat kúnlẹ̀, ó ní ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin bàbá mi, ṣùgbọ́n òun kò ṣe. Àwọn ìyàwó ilé ní ojú rẹ̀ le bí ojú awakọ̀. Wọn kò mọ̀ pé àsọtẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Mukhtar fúnra rẹ̀ kò fẹ́ ẹ. Ọkọ̀ ló fẹ́. Lọ́jọ́ kejì, Hassanat wá bá mi pé kí n kọ́ òun ní ọkọ̀ wíwà, kí òun máa ná ọ̀nà tí ọkọ òun ń ná. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n kò ní fi ojú méjì tí ilé iṣẹ́ fún ọkọ̀ náà rìn ín.

Iná tuntun tí wọ́n ń tà ní Allen kì í ṣe tiwa láyé Sáàpù. Mo wá iná aláwọ̀ ìyeyè méjì lára Píjó tó ti forí gbá, tí wọ́n fà wá láti Kútọnu. Ìyeyè ni àwọn ará ibẹ̀ ń lò, òun ló sì dára nínú kùrukùru, nítorí funfun a máa ta padà sójú awakọ̀. Mo so ìyẹn mọ́ ìsàlẹ̀ bọ́ḿpà. Méjì funfun, tí mo yọ lára alùpùpù, mo gbé wọn sókè kí wọ́n máa wo ọ̀nà jíjìn. Mo fi rílè, tó ń gba ẹrù iná dípò súìṣì, gbé iná láti bátìrì, kí súìṣì má bàa jó. Mo fi fíúsì sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì gan-an. Mo ha ọ̀dà kúrò lára irin kí n tó de wáyà ẹ́ẹ̀tì, èyí tí iná ń gbà padà sí bátìrì, nítorí ẹ́ẹ̀tì tó jókòó lé ọ̀dà, irọ́ ló ń pa.

Irin tó gbé iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró, ara ibùsùn Sùlíyá ni mo ti gé e. Ẹ gbé ẹjọ́ ìyẹn náà dé iwájú Àfáà, pé mo gé ibùsùn ìyá yín. Mo gé e. Èmi ni mo rà á nígbà tí mo gbé e níyàwó. Lẹ́yìn tó kú, kò sí èyí tó fẹ́ sùn lé e nínú yín, èmi náà kò sì lè sùn lé e. Irin kì í ṣọ̀fọ̀. Ó gbé Wahab nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ó ń gbé iná fún ìyàwó rẹ̀ báyìí. Bí ẹ bá rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn, ẹ kà á sí mi lọ́rùn.

Àwọn ará abà ń pe ọkọ̀ náà ní Olójú Mẹ́fà. Ọyẹ́ ti dé, ọyẹ́ ti lọ, Hassanat ń lọ, ó sì ń bọ̀ wálé.

6. Àríyànjiyàn. Mo mọ̀ pé ẹ ó jà á, nítorí náà mo fẹ́ kí ohun tí ẹ sọ wà nínú ìwé. Nígbà tí ẹ gbọ́ èrò mi, Mukhtar dìde láàárín ẹbí, ó ní Hassanat kì í ṣe ajogún mi, àti pé àwọn ọmọ Wahab pàápàá kò lè jogún bàbá àgbà níwọ̀n ìgbà tí ọmọkùnrin bàbá wà láyé. Òótọ́ ló sọ. Gàníyù pàtẹ́wọ́ fún un. Àfáà Abdulqoyum jẹ́ kí wọ́n yọ̀ tán. Ó wá ní òfin kan náà ló sọ pé kò sí wàsíyà fún ajogún. Ẹni tí kì í ṣe ajogún ni ènìyàn lè fi nǹkan sílẹ̀ fún nínú wàsíyà, bí kò bá ti kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó ní. Ọkọ̀ àlòkù kan kò sún mọ́ ìdá mẹ́ta ilé mi. Ẹ̀yin lẹ fi ẹnu ara yín ṣílẹ̀kùn fún Hassanat.

Àfáà tún ní ẹ̀sìn kọ̀ kí a fi túláàsì jogún obìnrin. Kí Ọ̀gbẹ́ni Ọláfẹ́mi kọ èyí ní gàdàgbà: ìwé ìhágún ni ìwé yìí. Ilé, irin àti àgbò ni à ń há níbí. A kì í há Hassanat.

7. Irinṣẹ́. Hassanat ni kí ó mú ẹ̀mú mi àti gílóòbù tí mo fi ń dán iná wò. Ìyókù di ti ẹgbẹ́ rẹwáyà wa.

Hassanat, ìwọ ni mo ń bá wí báyìí. Bí o bá ti dé ìgboro, ì báà jẹ́ Agége tàbí Maryland, fi ìdérí rọ́bà wọn bo iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀nà oko ni wọ́n wà fún. Bí o bá rí ọkọ̀ níwájú, pa funfun. Bí fíúsì bá jó, má ṣe fi bébà dídán inú páálí sìgá wé e bí àwọn awakọ̀ wa ti ń ṣe. Fíúsì tó jó ń sọ fún ọ pé wáyà kan ti bó níbì kan. Wá a rí kí o tó fi òmíràn sí i.

8. Ẹni tó bá tú iná kan lára ọkọ̀ náà, tàbí tó fi ọkọ̀ náà dẹ Hassanat wọlé ọkọ tí kò fẹ́, kí àwọn tí mo yàn gbé e lọ sí kóòtù. Bí kóòtù bá dá a sílẹ̀, kí ó mọ̀ pé n kò fi jìn ín, títí dé ọjọ́ àjíǹde.

Wọ́n ti ka gbogbo rẹ̀ sí mi létí. Ohun tí mo sọ náà ni, kò lé, kò dín. Mo tẹ àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún mi sí i ní Agége, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kọkànlá, ọdún 1992.

Làsísì Àlàó Oyèkúnlé (àmì àtàǹpàkò rẹ̀)

Àwọn ẹlẹ́rìí:

Tìjání Akínkúnmi, jórinjórin, Agége. Ó fọwọ́ sí i.

Olúwayẹ́misí Fátúnlà, ayálégbé, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ìkẹjà. Ó fọwọ́ sí i.

Mukhtar Làsísì, ọmọ mi. Ó jókòó níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò fọwọ́ sí i. Ọ̀gbẹ́ni Ọláfẹ́mi fẹ́ fo ibẹ̀. Mo ní kí ó kọ ọ́: ó gbọ́.