Ìbò Tí Mo Dì ní Kíláàsì Karùn-ún

Ọmọ mi àgbà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn alábàágbé yín tí n kò mọ̀. Ara mi le, ara ìyá rẹ náà le, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún rẹ̀ ń sọ ìgbà tí òjò yóò rọ̀ ju rédíò lọ. Ohun tí o bá dáwọ́ lé kò ní tú mọ́ ọ lọ́wọ́, àmín. Ọmọ rẹ tí o fi sọ́dọ̀ wa ń jẹun, ó sì ń dàgbà, ṣùgbọ́n odidi ọjọ́ márùn-ún ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀, mo sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ.

Ó mú ìwé bọ̀ láti ilé-ìwé pé ìdìbò yóò wáyé ní kíláàsì karùn-ún, aago mẹ́wàá. Ìwọ náà mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti jáde ilé-ìwé gírámà, n kò pa ìdìbò kankan jẹ rí. Mo wọ kóòtù, mo so táì, mo mú káàdì ìdìbò mi dání, mo sì débẹ̀ láago mẹ́jọ. Páálí bàtà ni wọ́n fi ṣe àpótí ìbò. Mo ní ìjọba ti ń ṣọ́ owó ná nìyẹn, inú mi sì dùn. Ṣùgbọ́n àwọn olùdìbò ń ti ara wọn bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu. Mo ní kí wọ́n tò, kí wọ́n ki ẹ̀wù bọ ṣòkòtò, kí ẹni tí imú rẹ̀ ń ṣàn lọ nù ún kí ó tó yan aṣáájú. Olùkọ́ wọn, ọmọbìnrin kan tí kò ju àbúrò rẹ lọ, rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀kọ́ ọmọ ìlú rere ni àwọn ń ṣe. Mo ní ohun tí mo bá wá gan-an nìyẹn.

Àṣé ọmọ rẹ wà lára àwọn tí ń du ipò olórí kíláàsì! Òun àti ọmọ télọ̀ ni. Ọmọ télọ̀ ní òun yóò máa pọn omi mímu fún kíláàsì. Ọmọ tìrẹ ní bí wọ́n bá yan òun, òun yóò bẹ olùkọ́ kí wọ́n má fìyà jẹ ẹni tó bá pẹ́ dé mọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Èmi kò pa. Wọ́n ka ìbò, wọ́n bá ara wọn dọ́gba, méjìdínlógún sí méjìdínlógún. Ni mo bá na káàdì mi sókè, mo ní ó ku ẹyọ kan. Mo mọ̀ pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi ipò ta ọ̀lẹ lọ́rẹ. Ọmọ télọ̀ ni mo dì í fún.

Ìyá rẹ ní àgbàlagbà tí kò mọ ẹni tirẹ̀ ni mí. Ọmọ rẹ kò sunkún. Ó kọ ìwé ẹ̀hónú sí olùkọ́, pé bàbá àgbà òun kò sí nínú rẹ́jísítà, kò sì ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rí, nítorí náà ìbò rẹ̀ kò bófin mu. Wọ́n ní kí n wá kà á. Mo wá àṣìṣe inú rẹ̀ títí, n kò rí. Déètì wà níbi tó yẹ, ó sì fi ọ̀wọ̀ parí rẹ̀. Ṣé irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni n óò takò? Mo tọrọ àforíjì lójú gbogbo wọn, wọ́n tún ìbò dì, èmi sì dúró níta lójú fèrèsé.

Ìbò mẹ́rin ni ọmọ rẹ fi borí! Mo hó yèè, mo fi ọ̀pá gbá fèrèsé. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí olórí tuntun ṣe ni pé ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ “Àwọn Aláriwo” sójú pátákó, ó sì kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀, èmi nìkan. Ọmọ télọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé àgbà ni mí. Ó ní òfin kò mọ àgbà. Gbígbá kíláàsì ni ìjìyà aláriwo. Mo gbá a, mo gbá abẹ́ gbogbo àga, nítorí bí èmi bá kọ̀, ta ni yóò gbọ́ràn sí i lẹ́nu? Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó mọ́, ó sì kí mi kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ bá mi sọ nìyẹn.

Ìbàdí mi kò tíì nà dáadáa, nítorí náà fi owó òróró ìpara ránṣẹ́, kí o sì fi ti bàtà kún un, torí olórí kò gbọdọ̀ wọ bàtà tí ìka ẹsẹ̀ ń yọjú níbẹ̀. Má fi í sínú fóònù bíi ti ìjelòó. Mo tú ẹ̀yìn rẹ̀, mo gbọ̀n ọ́n títí, kò sí owó kan tó bọ́ sílẹ̀.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ọmọ rẹ ṣe olórí ibi tó tóbi ju èyí lọ, ibi tí ẹlòmíràn yóò ti máa gbálẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.